Àmì Lubbert

Bí o bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Oldenwaard,
má wo apá ọ̀tún, ilé epo ló wà níbẹ̀.
Yà sósì, kọjá ilé ìwé oníbíríkì,
títí wàá fi rí ebè kan tó gùn ju ibi tí ojú lè dé,
ebè tí ẹnikẹ́ni ò gbin iṣu sí rí.
Òun ni wọ́n fi ń dá odò Áísẹ̀lì lẹ́kun.
Gùn ún. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni.
Gbogbo òkè tí o máa gùn lónìí tán nìyẹn.

Ilẹ̀ ibí tẹ́jú bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ fún àlejò.
O lè rí obìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ lókèèrè,
kí o jẹ búrẹ́dì rẹ tán, kí o nu ẹnu,
kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó mi orí sí ọ, kó kọjá.

Omi lọ́wọ́ òsì, màlúù lọ́wọ́ ọ̀tún.
Wọ́n ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú;
èyí a máa kún kó bo géètì
ní oṣù kìíní, bí yìnyín bá yọ́ lókè odò lọ́hùn-ún.
Tí omi bá fà, koríko gbígbẹ á kù lórí ẹ̀ka igi wílò
bí aṣọ tí ẹnì kan sá tó gbàgbé láti ká.

Máa wo àwọn òpó.
Ìlà méjì péré, funfun lókè, pupa nísàlẹ̀:
Lubbert Nijkamp ló kùn wọ́n.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi kó bíríkì jáde nínú iná
ní ilé iṣẹ́ tó ti wó yẹn
(ihò èéfín rẹ̀ nìkan ló kù, àkọ̀ ló kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀).
Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ iṣẹ́,
dókítà ní kó máa rìn, kó má ṣáà gun òkè.
Lubbert bú sẹ́rìn-ín. Òkè wo?
Ó ra agolo ọ̀dà méjì, ó la ọ̀nà náà fún ara rẹ̀,
lẹ́yìn náà fún aláboyún, fún arúgbó,
fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tó bá ti rí àtẹ̀gùn.
Ọdọọdún ló ń fi díẹ̀ kún un.

Ní ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ọkọ̀ Wessel ló ń gbéni sọdá.
Agogo wà lára òpó. Lù ú lẹ́ẹ̀kan.
Bí o bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, yóò mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́.

Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí nǹkan,
wàá ti rí i pé àmì náà ń wálẹ̀.
Ní òpó kìíní, ó ga tó ojú rẹ.
Níbi ọkọ̀ Wessel, ó ti di àyà.
Lẹ́yìn pápá àgùntàn, ìbàdí:
ọdún yẹn ni Lubbert bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga onítáyà,
ọmọ rẹ̀ Geertje ń tì í, agolo wà lórí itan,
ọ̀dà ń kán sí ṣòkòtò,
Geertje ń kùn, Geertje ń tì í.

Òpó tó kẹ́yìn wà lábẹ́ igi píà.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí àmì rẹ̀.
Kò ju orúnkún lọ, ó wọ́,
pupa ló wà lókè, funfun ló wà nísàlẹ̀.
Mo rò pé bàbá náà ti ń kùn láti orí ilẹ̀ ni.
Geertje ní rárá o,
Jorrit ọmọ òun ni, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà,
ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Lubbert.
Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Òpó mẹ́fà ṣì kù níwájú tí ọ̀dà ò kàn.
Jorrit ti pé ọdún méje báyìí, ó ti ga sí i.
Wọ́n ní àwọn máa ra ọ̀dà tí òjò bá dá.

Aago márùn-ún ni Wessel ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Má jẹ́ kó ṣú ọ síbẹ̀.