Akólòlò Inú Ẹ̀jẹ̀

Ní Jásìn, létí ọ̀sà Àjàṣẹ́,
àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìyá mi àgbà ń rìn
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé:
wọ́n á lọ, wọ́n á yà, wọ́n á padà.
Màámá Sífáwù mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
Aláìnírù, Bímọ-sójò, Ajẹ́gbèsè.

Mo dé láti Kàlàvì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín
àti páálí funfun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu.
Ẹ̀kán kan péré, lábẹ́ apá,
níbi tí iṣan ti yọ bí òwú aró.
"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ṣe níbẹ̀ yẹn?"
Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ há.
"À-à-à-àmì," mo ní, "à-àmì là ń wá."
Ó dúró dè mí,
bó ti máa ń dúró de bàbá mi àgbà
títí gbólóhùn rẹ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Ohun tí n kò rí sọ lọ́jọ́ náà nìyí:
ìwé kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ,
lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ọ́ tán,
ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ sí nínú ábídí wa.
Geere ni ìwé náà ń lọ,
àfi láwọn ibì kan tó ti ń kólòlò:
sé-à, sé-à, sé-à, sé-à,
ti ẹyẹ kan ẹ̀ẹ̀mejìlá, ti èkejì ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún.
Ibi tó ti há yẹn gan-an ni àmì.
Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó bí ta.

A kọ́kọ́ yá àmì pẹ́pẹ́yẹ òkè òkun lò.
Ogún kọ́kọ́rọ́; mọ́kànlá wọlé, wọn ò yí.
Tiwa olójú pupa yìí kì í ké,
ó kàn ń mí fíì, fíì, bí ẹni tó ń fẹ́ná,
ìbátan jíjìnnà lòun àti tọ̀hún:
bí wọ́n bá gun ara wọn, ọmọ á sanra,
ọmọ ò ní bí, bí ìbaaka.

Nítorí náà a wá tiwa. Ọyẹ́ mẹ́ta kọjá lórí ẹ̀.
Iná lọ fún òru méjì, yìnyín yọ́,
iṣẹ́ ogójì ẹyẹ di omi lásán.
Mo gun sẹ̀mí padà sí Jásìn, ojú ń tì mí.
Màámá ò bi mí ní nǹkan kan.
Ó ti so wọ́n lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ dè mí.

Dáà Zánnù lódìkejì ọgbà ní akọ funfun òun
ló bí mọ́kànlá tí Aláìnírù pa.
Màámá ní irọ́ ni, akọ tòun ni.
Nígbà tí ẹ̀rọ kà á tán,
méje jẹ́ ti funfun. Mẹ́rin ò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.
Akọ kan ń fo ọgbà lóru tí a ò mọ̀.
Màámá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó.

Ó wá nu ojú. Ó ní:
"Nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ,
wọ́n sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Wọ́n sọ ọ́ gan-an.
O pé ọmọ ọdún mẹ́ta, o la ẹnu, o há.
Gbogbo wọn ń káàánú.
Èmi wọ yàrá, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run.
Ohùn ọkọ mi ni mo gbọ́.
Àmì wo ni mo tún ń wá?"

Ọ̀sà ti ń pọ́n. Àwọn mọ́kànlá to lẹ́yìn ìyá wọn,
wọ́n bọ́ sómi láìbi ẹnikẹ́ni.
"Bó pẹ́ bó yá," ni Màámá wí,
kò sì parí òwe náà.