To, Láìsí Àmì Ohùn

Mo jókòó sí Kubwa, ní yàrá tó kọjú sí òkè,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́ sí mi létí,
mo ń darí èèyàn mẹ́ta tí n kò fojú rí rí.
Iṣẹ́ wa: kànga ẹ̀rọ àwọn abúlé,
èwo ló ń pọmi, èwo ló ti yadi.

Nanbam wà ní Jos. Kì í kọ̀wé, ohùn ló ń fi ránṣẹ́,
ìṣẹ́jú méje gbáko.
Ó ròyìn òtútù, ó ròyìn ọ̀dùnkún tó wọ́n,
ó kí ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín.
Ní ìṣẹ́jú kẹfà ló tó rántí pé páìpù ti bẹ́ ní Mangu.
Mo máa ń fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí
bí ẹni ń fi ṣíbí wá ẹran nínú ọbẹ̀.

Tersoo, ní Makurdi, ìbéèrè ni tirẹ̀.
Ta ló kà á? Lọ́jọ́ wo? Ta ló rí i?
Mo ní ọmọ yìí fẹ́ sọ mí di òpùrọ́.
Èsì kan wà tí mo fún un lálẹ́ ọjọ́ kan,
bí ó bá ṣeé fà padà nínú afẹ́fẹ́, màá fà á.

Ṣùgbọ́n Mairo ti Zaria ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.
Mo kọ̀wé gígùn, mo fi ẹ kú iṣẹ́ ṣíwájú,
mo fi jọ̀ọ́ sí àárín, mo fi àdúrà dé e lórí.
Èsì dé: "To."
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ra tòmátì l'Ókè Ọya,
mo mọ̀ pé "ó dáa" ni wọ́n ń fi í sọ.
Ṣùgbọ́n ohun tí orí mọ̀, àyà lè má gbọ́.
Tó! ni mo kà. Ó tó gẹ́ẹ́! Panu dé, ọ̀gá Kubwa!
Lóru, mo ń tú lẹ́tà méjì wò bí ìwé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kànga kan ló gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin dé Rigasa,
mo wọ mọ́tò dé Zaria,
búrẹ́dì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìjà lábẹ́ ahọ́n.
Obìnrin kékeré, awò lójú.
Ó gbé fùrá fún mi, ó jókòó.
Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi,
ó ń wò mí bí ẹni ń ka òṣùwọ̀n omi,
ó wá mi orí, ó ní: "Tò."

Tò! Ohùn náà lọ sílẹ̀, jẹ́jẹ́,
bí ẹni gbé ìkòkò omi ka orí òṣùká.
Mo gbójú sókè. Lára ògiri,
abúlé mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, ó tò wọ́n,
ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ,
ó sì fi bírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn
ohun tí mo sọ nínú àwọn ìwé gígùn yẹn
tí èmi gan-an ti gbàgbé.

Ojú ẹ̀rọ kò ní àmì ohùn.
Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, ó ń bọ́ ọ láṣọ,
ó ń tì í síwájú ẹlòmíràn ní ìhòòhò,
onítọ̀hún a sì mú aṣọ ẹ̀rù tirẹ̀, a fi wọ̀ ọ́.

N kò di ẹ̀dá tuntun. Mo ṣì ń kánjú.
Ṣùgbọ́n mo ń po tíì kí n tó tẹ ohùn Nanbam,
mo ń jẹ́ kí òtútù Jos fẹ́ sí mi lára,
nítorí lọ́jọ́ tí kò dárúkọ ojú ọjọ́,
ìyá rẹ̀ ló wà nílé ìwòsàn.
Mo ń kọ ọjọ́ àti orúkọ kí Tersoo tó béèrè.
Ó ṣì ń béèrè.
Fún Mairo, ìlà mẹ́ta. Nígbà míì, méjì.

Lánàá, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà tí èsì rẹ̀ wọlé:
"To. Kú iṣẹ́."
Ta ló kọ́ ọ?
Mo wà nínú òkùnkùn, fóònù ń tàn sí mi lójú,
mo kọ ọ̀rọ̀ jàn-ànràn, mo pa á rẹ́,
mo fi lẹ́tà méjì dá a lóhùn,
mo sì wá àmì náà títí, mo fi lé o lórí.