Bébà Tó Wọ́

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ni,
aago méjì òru ti kọjá ní Àlékúwodò.
Èmi nìkan ló jókòó sí ilé ìtẹ̀wé bàbá mi,
tọ́ọ̀ṣì fóònù ń tàn sórí ìwé ìṣirò,
nítorí jẹnẹrétọ̀ ti mu epo rẹ̀ tán láti alẹ́.
"Ọ̀ṣúngbadé àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀" ló wà lára pátákó ìta.
Àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Èmi ni mo ṣẹ́kù sábẹ́ pátákó.

Wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá,
ọ̀gá tí kò tíì gbowó oṣù láti ààwẹ̀ tó kọjá!
Ènìyàn mọ́kànlá ló ń wojú mi;
bí mo bá wúkọ́, wọn a ní owó ni mo fẹ́ kéde.

Láyé bàbá mi, bébà ń ti Ìbàdàn wá láwìn,
ọ̀rọ̀ ẹnu ló jẹ́ onígbọ̀wọ́.
Báyìí, bébà ti di àgbò Iléyá:
o bèèrè iye rẹ̀ láàárọ̀,
o délé lọ mówó,
o padà dé, ó ti hù ìwo mìíràn.
Kálẹ́ńdà ìparí ọdún ńkọ́?
Ìwé ìpè ìgbéyàwó olómi góòlù ńkọ́?
Fóònù ti gbé wọn mì, kò tilẹ̀ gyẹ̀.

Agbowó-orí mẹ́ta ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Ẹni àkọ́kọ́, ti ìpínlẹ̀. Èkejì, ti káńsù.
Ẹ̀kẹta, n kò mọ ẹni tó rán an,
ṣùgbọ́n mo mọ rìsíìtì ọwọ́ rẹ̀ dunjú:
èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́.
Kò tíì san gbèsè rẹ̀.

Abíọ́nà tí mo kọ́ ní kọ̀ǹpútà,
ó kọ̀wé láti Kánádà: "Mà, òtútù pọ̀ níbí."
Mo fi ọkàn ṣàdúrà fún un.
Mo fi ẹnu ṣépè díẹ̀.

Ọmọ báǹkì kan wá, táì rẹ̀ gùn ju ọdún rẹ̀ lọ.
"Màmá, ẹ ra ẹ̀rọ tuntun. Ènìyàn mẹ́ta ló ń fẹ́.
Ẹni tó bá dúró sójú kan, ayé á tẹ̀ ẹ́."
Títẹ̀! Níwájú èmi tí mo ń fi títẹ̀ jẹun.
Mo yọ mẹ́ta kúrò nínú mọ́kànlá.
Ìṣirò ọmọdé ni. Ó ku mẹ́jọ.
Mẹ́jọ náà ló lórúkọ.

Orúkọ àkọ́kọ́ ni Bàbá Búráímọ̀,
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí ọ̀bẹ bébà.
Ọ̀bẹ yẹn ti mú ṣóńṣó ìka rẹ̀ kan lọ;
ó ní owó-orí tòun nìyẹn, òun ti san án tán.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ìlà mẹ́rin péré.
Mo ti tẹ̀ ẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó kú,
ó ku ká gé e.
Ta ni n bá pè?
Ẹni tó ń gé bébà nílé yìí
náà ni lẹ́tà ń bá wí.
Mo gé e fúnra mi lókùnkùn.
Ó wọ́.

Kí aago méje tó lù, ó ti dé,
tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó kí mi bí ẹni ń kí ọmọ bíbí inú rẹ̀.
Mo na lẹ́tà sí i. N kò lè sọ̀rọ̀.
Ó gbé e jìnnà sójú, ó fà á mọ́ra.
Kò tíì ka ìlà kan.
"Ta ló gé èyí? A kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ jáde níbí."
Ó yí padà sídìí ọ̀bẹ,
ó fi àtàǹpàkò wọn etí bébà,
ó gé e. Ó gún régé.
Ó dá a padà fún mi,
ó ní kí n lọ fún ẹni tó ni ín.