Àtẹ̀gùn Mẹ́rìndínlógún

Ọ̀ṣíbọ̀dù ní Sátidé tó ń bọ̀ la ó gun òkè Ìdànrè.
Ó ti yá bàtà ọmọ rẹ̀,
ó ti ka owó ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́ẹ̀mẹta.
Orúnkún mi nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i.

Àtẹ̀gùn pẹ́tẹ́ẹ̀sì Bàbá ni mo fi ń dánra wò nírọ̀lẹ́:
mẹ́rìndínlógún lọ, mẹ́rìndínlógún bọ̀,
ìyàwó mi ń fi mí rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Lánàá, mo mí hẹlẹ débẹ̀, mo ṣí fèrèsé
tí a ti tì láti ìgbà ìsìnkú Bàbá.
Páànù tó ti dípẹtà títí dé Òkè-Àgbò,
igbó lẹ́yìn wọn, ó dúdú bí aró.
Mo dúró síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ọ̀ṣíbọ̀dù,
bá mi gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.