Ohùn Ìkòkò

N'Ílọrin, ní Òkèlele, lẹ́yìn ìrun àsùbáà,
ìyá ìyá mi kì í fojú lásán yẹ ìkòkò wò.
Á gbé e sókè, á fi eékánná kan án,
á dẹ etí.
Èyí tó bá dún gáún, ó di títà.
Èyí tó bá dún pọ̀ọ̀, ẹ̀yìn ilé ni,
níbi tí adìẹ ń yé sí.
Èyí tó bá sì ń dán jù,
tí omi èèpo irúgbá mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀,
òun ló máa ń kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún ìdìbò, Láwàní wá sí àgbàlá wa.
Ọkọ̀ mẹ́rin, eruku,
àwòrán ojú rẹ̀ lára àpò ìrẹsì.
Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú amọ̀ tútù
tòun ti ẹ̀wù funfun! Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́.
Ó ní òun yóò fa omi dé ẹnu ọ̀nà wa.
Omi, ó ní, omi.
Màmá ń po amọ̀. Kò gbójú sókè.
"Láwàní, ọgọ́ta ìṣaasùn tí o gbà láwìn
lọ́wọ́ Sìfáwù, nígbà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ,
ṣé o ti san án?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìyẹn mà ti pẹ́."
"Sìfáwù ti kú. Gbèsè ò bá a kú.
Ọmọ rẹ̀ nìyẹn, tó ru igi ìdáná yẹn."
Láwàní wo ọmọ náà. Ó wo fóònù rẹ̀.
Ó kọwọ́ bàpò, ó yọ owó,
ó pín in fún gbogbo wa,
tọmọ Sìfáwù ò ju tẹnikẹ́ni lọ.
Ẹ̀bùn ló fún un. Kò san gbèsè.
Mo gbọ́ ọ kedere: pọ̀ọ̀.

N ò ní purọ́, mo gba tèmi.
Ìrẹsì náà dùn. Ata rodo la fi sè é.

Lálẹ́, nígbà tí iná ẹbu ti ń kú lọ,
màmá ní: "Ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ omi ìlú,
ẹ má bi í léèrè bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ.
Ẹ bi ẹni tó tajà fún un láwìn.
Ẹ bi ọmọ ọ̀dọ̀ tó sá kúrò nílé rẹ̀ lóru."
Mo ní: "Àwa tá a jẹ ìrẹsì rẹ̀ ńkọ́?"

Ó fi eékánná kan iwájú orí mi.
Ó dẹ etí.
Kò sọ ohun tó gbọ́.