Ìròyìn Oṣù Ọ̀wàrà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka lẹ́tà mi,
ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.
Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ lóṣù yìí. Ẹ má bínú.
Òjò Ọ̀wàrà ló jò wọ yàrá mi l'Ókèṣà,
ó dà sórí orí keje ìwé tuntun tí mò ń kọ.
Ọmọdébìnrin inú ìtàn náà,
etí odò ni mo fi í sí, ó fẹ́ sọdá;
àfi bí odò ṣe wá bá a nílé.
Mo sá a sórí okùn pẹ̀lú ìborùn mi,
ojú ewé kan, ojú ewé kan.
Àwọn ará ilé ń bi mí pé
irú aṣọ wo rèé, tó ń sọ̀rọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Ìròyìn owó.
Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, òǹtàwé Ẹrẹ́jà,
gba ogójì ìwé lọ́wọ́ mi nínú oṣù Èrèlé.
Ó ní, "Ẹ padà wá lọ́la."
Ọ̀la náà ti di oṣù mẹ́jọ.
Mo bá rántí bàbá bàbá mi,
tó ń ru aṣọ títà kiri ìlú oníìlú,
tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè:
òṣó ni màá ló títí owó ó fi jáde!
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ká ìró mi sókè díẹ̀,
mo lóṣòó sáàárín ìwé ìṣirò àti Bíbélì,
àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yà fún mi bí ẹni yà fún òkúta.
Orúnkún mi kì í ṣe ti bàbá bàbá mi.
Wákàtí kan péré, ó ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Ó san ìdajì.
Ní ti ìyókù, ó gbé bébà lé mi lọ́wọ́.
Òun lẹ mú dání yìí.

Ọmọ́tinúwẹ̀ sun ìkòkò.
Mọ́kànlá ló wọnú iná, mẹ́rin ni kò sán.
Kò da àfọ́kù nù o:
ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá ìpàdé wa
nílé ìtẹ̀wé àtijọ́ yẹn, n'Íjọ̀kà,
ògiri wá ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Ẹ wá wò ó kí onílé tó wó o.

Bọ́látitó ti parí àwòrán àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì,
èyí tó bí i àti èyí tó tọ́ ọ.
Kò ya ojú sí ọ̀kan.
Ẹ má bi í èwo ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ owó ẹgbẹ́,
ẹ ti ka ọ̀rọ̀ Ajíbóyè lókè.
Orúnkún mi ń sàn díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan.
Màmá Ẹfúnbọ̀wálé tó wà n'Íbòkun kò mọ̀wé.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ka lẹ́tà mi fún un lábẹ́ igi ọsàn.
Lóṣooṣù, wọ́n á fi èsì rán awakọ̀ sí mi:
ẹyin adìyẹ tí wọ́n fi òwú wé,
tàbí kòkó kan ṣoṣo, tútù.
Lóṣù yìí, lẹ́tà mi fúnra rẹ̀ ni awakọ̀ gbé padà.
Wọn ò tíì ṣí i.
Mo jókòó. Mi ò lè béèrè.
Awakọ̀ ní, "Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò."
Ọwọ́ ọmọdé ni, pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé:
*Màmá ní kí ẹ wá kà á fúnra yín.
Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń da àwọn láàmú.*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ.
Láti àná ni mo ti ń fi ẹnu dán ìròyìn yìí wò nínú yàrá.
Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀,
mo pa á rẹ́.
Ìdí nìyẹn tó fi kúrú.