Lẹ́tà Méjì, Ọwọ́ Kan

Èmi ni mo ń tẹ lẹ́tà méjèèjì.
Orí kan náà ni wọ́n gbé: àmì ilé-ẹ̀kọ́ wa,
ọkọ̀ ojú omi kan tí kò lọ síbì kankan,
àdírẹ́sì wa ní Sunderland, létí odò Wear.
Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n,
Yorùbá ni mo fi ń kà wọ́n sínú.
Ọ̀kan ní: Inú wa dùn láti fún ọ láyè.
Èkejì ní: Ó dùn wá pé àyè rẹ ti tán.
Dùn kan náà, ohùn kan náà.
Ta ló fi oyin àti egbò sínú ẹnu kan?

Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo tẹ ti Fadérera.
Yíya fọ́tò egungun ló fẹ́ wá kọ́.
Kò sí ohun tí a béèrè tí kò mú wá:
ìwé ọlọ́pàá pé kò jalè rí, kò fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ rí,
abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rí pé kò ní ikọ́ ife,
oṣù mẹ́fà tó fi jókòó ti àwọn arúgbó ní Roker.
Ẹni igba ó lé ló kan ilẹ̀kùn; ọgbọ̀n la ṣí i fún.
Lọ́jọ́ tó wá gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ mi
ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, orúnkún kan,
lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.
Gillian rò pé bírò rẹ̀ ló bọ́.

Òjé kékeré kan wà, kò ju èékánná lọ,
tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò
kí dókítà lè mọ̀ pé ọ̀tún nìyí, òsì nìyí,
nítorí egungun kò lè sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti wá.
Fadérera, ọlọ́wọ́ òsì láti ilé,
tí wọ́n na ọwọ́ náà títí tó fi sá pamọ́,
fi òjé ọ̀tún sí òsì bàbá awakùsà kan.
Wọ́n kìlọ̀.
Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, bàtà rẹ̀ ṣì tutù.
Lẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá ni.
Nọ́ọ̀sì kan ló rí i kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀.

N kò ní purọ́: ká ní orúnkún ọmọ mi ni,
èmi náà á ní kó máa lọ.
Òfin wa kì í ṣe òfin ìkà. Ojú ewé kẹrìnlá:
ẹni tó bá lè ṣe aláìsàn léṣe, kó fi àyè sílẹ̀.
Ẹni mẹ́rin jókòó lé e lórí,
tíì, bisikíìtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn,
èmi ní igun, mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.
Wọ́n ní, ṣé ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.
Ó ní òun mọ ọ̀tún òun.
Ó gbé e sókè.
Ọ̀tún ni lóòótọ́.

Aago márùn-ún ku díẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń ti fèrèsé.
Orúkọ rẹ̀ ti bọ́ sí àyè ibi tí orúkọ ń bọ́ sí.
Mo fi àmì sórí e tó yẹ,
ẹ̀rọ fi ìlà pupa fà á nídìí,
mo jẹ́ kó máa fà á.
Nísàlẹ̀ pátápátá, wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà,
ó wà níbẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ló ní
láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.
Wọn kì í kà á débẹ̀. Ẹkún kì í jẹ́.
N kò láṣẹ láti yí ọ̀rọ̀ kan padà.
Mo kàn sọ ìlà yẹn di ńlá, mo sọ ọ́ di dúdú.
Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́.
Mo wá kóòtù mi.